Sùtánà Tí Mo Fi Dí Fèrèsé

Mi ò fẹ́ràn Ọmọ́wùmí, ìyàwó ọmọ mi, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ní kí n sọ irú ènìyàn tó jẹ́ àti irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu àwọn aládùúgbò tó ń yìn ín káàkiri Ìbà pé ọmọ gidi ni. Bó bá jẹ́ pé ọmọ gidi ló ń gbé tábìlì sí pálọ̀ ìyá ọkọ ẹ̀ láìtọrọ àyè, a jẹ́ pé ọmọ gidi ti pọ̀ jù láyé nìyẹn.

Christiana lorúkọ mi, Màmá Akínkúnmi ni wọ́n ń pè mí. Aránṣọ ni mí. Sùtánà ni mò ń rán, láti Ìbà títí dé Okokomaiko, ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun ló mọ ọwọ́ mi. Ọkọ mi, ọmọ Ìlaró, ló kọ́ ilé tí mò ń gbé kó tó di olóògbé, Akínkúnmi sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi. Fíríìjì ni Akínkúnmi ń tún ṣe. Nígbà tí lánlọ́ọ̀dù lé òun àti ìyàwó ẹ̀ jáde ní Ọ̀jọ́, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Ṣé kí n ní kí ọmọ mi lọ sùn sábẹ́ bíríìjì ni? Yàrá ni mo fún wọn o. Mi ò fún wọn ní pálọ̀.

Inú bárékè ni wọ́n bí Ọmọ́wùmí sí, ní Ọ̀jọ́ Cantonment níbẹ̀ yẹn. Ládépọ̀, bàbá ẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, sójà tó ń wa ọkọ̀ ni. Ẹ ò mọ ọmọ sójà? Wọn kì í gbọ̀n. Bí ẹ bá ń pariwo mọ́ ọn, á kàn dúró, á tẹjú mọ́ yín, á jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá parí ẹ̀ tán, á ní, "Ó dáa, Màmá," á sì padà sẹ́nu ohun tó ń ṣe. Ẹ gbà mí o! Kó bú mi padà, kó sunkún, kó lọ fẹjọ́ mi sun ìyá ẹ̀, gbogbo ìyẹn ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ẹ̀. "Ó dáa, Màmá" yẹn ni mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ dì mú lára ẹ̀.

Nínú bárékè náà ló ti kọ́ṣẹ́ fótò, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ya páásípọ́ọ̀tù fún àwọn ìyàwó sójà. Ó sú u. Ó ní kò sí ẹni tí í gba ojú ara ẹ̀. Eléyìí á ní kó jẹ́ kí òun pupa sí i, ìyẹn á ní kó dín ikùn òun kù, ẹlòmíì á ya fótò tán á ní òun kọ́ nìyẹn. Ó ní ọjà kì í ṣàròyé. Ló bá kúkú fi ènìyàn sílẹ̀, ó ń ya bàtà, ó ń ya ìkòkò, ó ń ya ìpara àti ọṣẹ àti ìgò òróró, fún àwọn oníṣòwò tó ń polówó ọjà lórí fóònù, kí oníbàárà tó wà ní Ìbàdàn lè rí i kó sì wù ú. Iṣẹ́ nìyẹn o. Ohun tí wọ́n ń pè níṣẹ́ láyé ìsinsìnyí nìyẹn. Mo pòṣé.

Ẹ wá wo pálọ̀ mi. Ibi tí mo máa ń jókòó sí láti fi ọwọ́ rán etí aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá, ibẹ̀ gan-an ló gbé tábìlì sí. Ó tẹ́ páálí funfun gbọọrọ kan sórí ẹ̀, ó jẹ́ kó tẹ̀ gun ògiri lẹ́yìn, ó ní kí igun má baà hàn lẹ́yìn ọjà. Ó fi páálí funfun mìíràn dúró ní òdìkejì fèrèsé, ó ní kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ tó bá ṣókùnkùn. Bó bá jẹ́ ìgò ló fẹ́ yà, á tún gé páálí dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, á nà án sọ́tùn-ún sósì, kí etí ìgò lè yọ ketekete. Á fi aṣọ rírọ̀ nu ìgò náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, kò ní fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́ kí ipa ìka má baà hàn níbẹ̀. Gbogbo wàhálà yẹn, nítorí ìgò!

Èyí tó wá ṣe mí ní kàyéfì jù ni ọ̀rọ̀ gílóòbù. Mi ò gbọdọ̀ tan iná nínú pálọ̀ mi! Ó ní iná gílóòbù mi pọ́n, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé láti ojú fèrèsé ò pọ́n, bí méjèèjì bá pàdé lára ọjà, àwọ̀ ọjà á dàrú. NEPA mú iná dé lọ́jọ́ tí inú wọn dùn sí wa, kí n tan iná kí n fi rí ihò abẹ́rẹ́, ó ti dìde, ó ti pa á. "Ẹ má bínú, Màmá, ó ku díẹ̀." Nínú ilé tí ọkọ mi fi òógùn ojú ẹ̀ kọ́! Ọjọ́ kan wà tí mo ró ìró pupa, mo jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sún díẹ̀, pé ìró mi ti wà lára ìkòkò irin tí òun ń yà. Mo ní, ṣé èmi ni kí n bọ́ ìró fún ìkòkò?

Mo pe Akínkúnmi. Mo ní kó bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó gbé tábìlì yẹn lọ sí yàrá wọn. Ó ní, "Màmá, oòrùn ló ń wọ yàrá wa tààrà. Oòrùn tààrà máa ń le jù, á ju òjìji dúdú sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà, á máa kọ mànà lára ohun tó bá ń dán. Fèrèsé pálọ̀ yìí nìkan ni oòrùn kì í wọ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń wọ̀ ọ́." Ẹ gbọ́ o. Ọmọ tí mo bí, tó ń tún fíríìjì ṣe, ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín oòrùn àti ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ níwèé lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé tábìlì yẹn máa jáde nílé mi, bó ti wù kó rí. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Mi ò wá nǹkan mìíràn.

Adéníjì ló wá fún mi ní ọ̀nà ẹ̀. Adéníjì ń ṣe ọtí àgbo sínú ìgò, ó sì fẹ́ kí Ọmọ́wùmí ya ìgò náà kí òun fi ṣe bánà ńlá sí oríta Okokomaiko, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń já èrò. Ó ní bó bá dáa, gbogbo ọjà òun ni á máa gbé wá. Ọtí! Nínú ilé tí a ti ń kọrin mímọ́! Ìjọ wa kì í fẹnu kan ọtí, a kì í tà á, a kì í gbé e. Mo bi Ọmọ́wùmí pé ṣé ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà á mọ́ ni? Ó ní, "Mi ò ní mu ún, Màmá. Mo kàn fẹ́ yà á ni."

Ìgò náà ń fìyà jẹ ẹ́, mo sì ń gbádùn ẹ̀. Dúdú ni ìgò yẹn, ó ń dán bí ojú àwo, gbogbo irin fèrèsé mi ló ń hàn lára ẹ̀ lọ́nà wíwọ́. Ó gbé ìgò síwá, kò dáa. Ó gbé e sẹ́yìn, kò dáa. Ó yí tábìlì, ó yí páálí. Adéníjì ń pè é lórí fóònù pé àwọn tó fẹ́ tẹ bánà ń dúró. Ọmọ́wùmí ní lọ́la, ó di dandan, lọ́la ni òun máa parí ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó jáde nínú yàrá, mo ti fọ sùtánà mi. Mo fún un dáadáa, mo nà án, mo sì gbé e kọ́ sójú fèrèsé pálọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ara mi fẹ̀, aṣọ mi náà fẹ̀. Fèrèsé náà dí pátápátá. Nílé mi, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan sùtánà mi, yálà ó tutù tàbí ó gbẹ. Akínkúnmi mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ọmọ́wùmí náà mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi lò ó nìyẹn. Bó jẹ́ kọ́tìnnì ni, á ṣí i. Bó jẹ́ ìró ni, á ká a. Sùtánà? Kó dán an wò.

Ó jáde, ó rí i. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo káwọ́ gbera. Mo ní, "Aṣọ mi ń gbẹ o." Ó ní, "Ó dáa, Màmá." Mo ń retí kó gbé kámẹ́rà ẹ̀ wọlé. Kò gbé e. Ó dúró síwájú aṣọ náà, ó ń wò ó. Ó gbé ìgò kan wá, ó gbé e síwájú aṣọ, ó tún wò ó. Nígbà tó yá, mo rí i tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Háà! 

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èmi tó ń fi ọwọ́ pa aṣọ funfun láti ìgbà èwe mi, kò wá sí mi lọ́kàn pé aṣọ funfun tín-ínrín kì í lé ìmọ́lẹ̀ dànù. Ó máa ń sẹ́ ẹ ni, bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú sùtánà mi wọlé rọ̀ bí òwú, ó sì tẹ́ rẹrẹ. Irin fèrèsé tó ti ń bà á nínú jẹ́ kò hàn mọ́. Ohun tó kù lára ìgò náà ò ju ìlà funfun gbọọrọ kan láti ọrùn títí dé ìdí. Ọmọ́wùmí ò fi ìka kan aṣọ mi. Tábìlì ẹ̀ ló fà sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin náà á bi mí pé kí ni mo wá ń dúró wò. Ọtí wà níwájú aṣọ tí mo fi ń wọ ilé Ọlọ́run. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín èmi àti fèrèsé. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó yà á tán. Bí mo bá dé iwájú Olùṣọ́ ìjọ wa pé ìyàwó ọmọ mi fi sùtánà polówó ọtí, ta ló máa gbà á sílẹ̀? Ọjọ́ náà gan-an ni tábìlì máa jáde. Ni mo bá dúró, mo dákẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ẹ ń hàn lára ìgò." Mo ní ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ mi ni mo dúró sí, kí ìgò fojú sí ibòmíì.  Ó yà á.

Bánà náà gòkè ní Okokomaiko. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, ó dáa. Ìgò náà dúró gbangba, ó ń dán, bí ẹni pé òùngbẹ ló fẹ́ fi pa èrò ọkọ̀. Àwọn agbèrò ń dúró lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ń na ìka sí i. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ sọ pé ẹni tó ya eléyìí mọṣẹ́, inú mi sì korò bí ewúro. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ Olùṣọ́ lọ.

Olùṣọ́ Oyèbámijí, àgbà tó ń ṣàkóso ìjọ wa ní Ìbà, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó pe èmi, Akínkúnmi àti Ọmọ́wùmí sí yàrá tí wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀. Mo wólẹ̀, mo sunkún. Ẹkún náà ò sì ṣòro fún mi, inú ń bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbà mí. Ó fi aṣọ Ọlọ́run yàwòrán ọtí. Mi ò ní kí wọ́n lé e o. Tábìlì yẹn ni kó kúrò nínú ilé mi, kó má lọ ba ilé mi jẹ́." Akínkúnmi sorí kọ́. Àṣé kò gbọ́ nǹkan kan nípa sùtánà rí. Ó ń wo ìyàwó ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Olùṣọ́ ní, "Ọmọ́wùmí, ṣé òótọ́ ni?"

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú ẹ̀ wá ni mo lò. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ibi tí Màmá kọ́ ọ sí ló wà tí mo fi parí iṣẹ́."

"Ta ló ń sá aṣọ sójú fèrèsé pálọ̀?" Èmi ni Olùṣọ́ ń bi.

Mo ní òjò ló ṣú lọ́jọ́ náà. Akínkúnmi gbójú sókè. Ó ní, "Màmá, òjò wo? Mo sá aṣọ iṣẹ́ mi sórí okùn lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ọ̀sán tó pọ́n ló ti gbẹ." Ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ìyàwó ẹ̀. Mo ní kó dákẹ́ nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ́wùmí wá ṣí kọ̀ǹpútà tó gbé dání. Ó ní, "Bàbá, èyí tó wà ní Okokomaiko, mo ti nu gbogbo ohun tó hàn lára ìgò kúrò kí n tó gbé e fún wọn. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Èyí ni bí mo ṣe yà á gan-an." Ó sọ ìgò náà di ńlá títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Àgbélébùú tí mo fi òwú búlúù rán sí àyà sùtánà mi wà níbẹ̀ lára ìlà funfun, ó kéré bí hóró ìrẹsì. Mo ní, "Ẹ ò rí i! Ẹ ò rí i, Bàbá!" Olùṣọ́ ò dá mi lóhùn. Ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìgò náà. Ẹnu ọ̀nà kan ló wà níbẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, obìnrin kan sì dúró sínú ẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó dojú kọ iṣẹ́ tó ń lọ.

Olùṣọ́ ní, "Ta nìyí?"

 Akínkúnmi tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Màmá ni."

"Màmá," ni Olùṣọ́ wí, ohùn ẹ̀ ò sì ga rárá, "ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ rí ọtí, ẹ rí aṣọ yín. Kí ló dé tí ẹ ò mú un kúrò?"

Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Mo lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀ pé ọtí ni. Ṣùgbọ́n ara mi ti gbóná, ojú Ọmọ́wùmí sì wà lára mi bó ṣe máa ń wà, bíi pé ó ń dúró kí n parí. Ni mo bá lanu, mo ní, "Mo fẹ́ kó yà á tán ná."

 Èmi fúnra mi gbọ́ ohun tí mo sọ, kò sì ṣeé kó padà mọ́. Olùṣọ́ mi orí. Ó ní kí Ọmọ́wùmí wá tọrọ àforíjì níwájú pẹpẹ, kó sì má gba iṣẹ́ ọtí mọ́. Ó ní èmi, kí n má wọ sùtánà títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè mí. Èmi! Èmi tó rán èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀ fún un!

Nígbà tí a jáde, mo di Ọmọ́wùmí mú lápá. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o nu mí kúrò nínú ti ojú títì, o wá fi mí sílẹ̀ nínú eléyìí. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Kò já apá ẹ̀ gbà. Ó ní, "Mo nu yín kúrò nínú ti ojú títì nítorí pé ìyá ọkọ mi ni yín. Mo tọ́jú èyí nítorí pé mo mọ̀ pé ẹ máa pè mí wá síbí."

Ẹ wo ẹnu! Mo yíjú sí Akínkúnmi kó bá mi dá a lóhùn. Ó ti ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí a délé, kò jẹ oúnjẹ tí mo sè.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n rí yàrá àti ṣọ́ọ̀bù kan gbà ní Okokomaiko. Àárọ̀ Sátidé ni mo rí i tí wọ́n ń kó páálí, tí wọ́n ń ká wáyà. Mo ní, "Akínkúnmi, kí lo ń dì lẹ́rù? Tábìlì ni mo ní kó jáde. Mi ò ní kí ìwọ jáde." Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀." Mo ní ṣé nítorí obìnrin ló ṣe máa fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé bàbá ẹ̀? Ó ń ká wáyà lọ. Mo sọ ọ́ títí, mo kígbe, mo bú u, mo fi orúkọ bàbá ẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó ẹ̀ ń di ìgò sínú aṣọ rírọ̀, kò wò mí.

Tábìlì ni wọ́n gbé kẹ́yìn. Akínkúnmi mú orí kan, Ọmọ́wùmí mú orí kejì. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, kò gbà. Wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn sì ń padà dé lù ú. Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ bá wa di ilẹ̀kùn mú." Mo dì í mú títí wọ́n fi gbé e jáde tán.